Ẹni Tí Kò Gbà Gbọ́ Náà Ní Ẹnu

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nínú kíláàsì àwọn àgbà ní agbègbè Bantè, a ń ka ọ̀rọ̀ òfin ilẹ̀ wa. Ìyá kan tí ó ń ta gàrí béèrè pé: «Olùkọ́, bí ẹnì kan kò bá gba ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò gba ti mọ́ṣáláṣí, tí kò sì gba ti òrìṣà, ṣé ó lè sọ ọ́ jáde?» Gbogbo kíláàsì dákẹ́.

Òfin ti dáhùn. Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Benin, tí ó ga ju gbogbo òfin yòókù lọ, jáde ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990. Abala 2 sọ pé ìjọba kì í ṣe ti ẹ̀sìn kankan. Abala 23 fún olúkúlùkù ní òmìnira láti ronú, láti sin ohun tí ó wù ú àti láti sọ èrò rẹ̀, bí kò bá ti da ìlú rú. Ẹ sì rántí pé Isidore de Souza, bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, ni ó darí Àpérò ńlá ọdún náà tí ó la ọ̀nà fún òfin yìí.

Ní Nàìjíríà, Tai Solarin, ọmọ Yorùbá, sọ ní gbangba pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà. Ní 1956, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, láìsí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Àwọn ẹlẹ́sìn sì ń fi ọmọ wọn síbẹ̀.

Ti Mubarak Bala kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fi Ìsìláàmù sílẹ̀. Wọ́n mú un ní 2020 nítorí ohun tí ó kọ sórí Facebook, ilé ẹjọ́ Kano sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 24 fún un ní 2022. Ní 2024, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí ọdún 5. Ní 2025, ó jáde. Bẹ́ẹ̀, òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà náà fúnni ní òmìnira ẹ̀sìn!

Lọ́dọ̀ tiwa, ojú ẹbí ni à ń bẹ̀rù ju ẹ̀wọ̀n lọ. Ẹni tí kò bá dá owó ètùtù, ta ni yóò bá a sin òkú rẹ̀? Síbẹ̀, ní Savalou, ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni ọdún iṣu, ọjọ́ náà gan-an ni àwọn Kátólíìkì ń ṣe àjọ̀dún Màríà. Ẹni tí ń ṣiyèméjì náà ń jẹ iyán níbẹ̀.

Bàbá mùsùlùmí kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì: «Jẹ́ kó sọ tirẹ̀, àwa náà á sọ tiwa.» Ẹlòmíràn ní kí ó pa á mọ́ inú. Wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú gan-an. Ìyá oní-gàrí kò sọ bóyá ara rẹ̀ ni ó ń béèrè fún. A kò bi í.