Ìwé Ẹ̀rí Kì í Ṣe Oríkì: Ọ̀rọ̀ fún Olùkọ́ tí Ó Fẹ́ Lọ Kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Òkè Òkun

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní táámù tí ó kọjá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi, mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, nígbà tí ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ ní ọjà wa wọlé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ náà kì í ṣe àlejò sí mi. Olùkọ́ ni, ó sì ti bá wa ṣiṣẹ́ fún táámù mẹ́rin ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo jẹ́ igbákejì ọ̀gá. A kí ara wa, mo bu omi fún wọn, ìyá náà sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ó ní ọmọ òun fẹ́ lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ó ní ẹnì kan tí ń báni ṣètò ìrìn-àjò ti gba ìdajì owó lọ́wọ́ òun, òun sì ti ń wá ìdajì tí ó kù. Ohun tí wọ́n wá fẹ́ lọ́wọ́ mi ni ìwé ẹ̀rí, kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ náà ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, táámù mẹ́rin kì í ṣe ọdún mẹ́ta. Nínú táámù mẹ́rin náà pàápàá, Sífíìkì ni ó kọ́ àwọn ọmọ fún méjì. Mo sọ fún ìyá náà pé n ó kọ ìwé, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ni n ó kọ. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó dìde, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ kò fẹ́ kí ọmọ mi rí jẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ìyá yẹn nìkan ni ó ń rò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálámù.

OHUN TÍ ÌWÉ Ẹ̀RÍ JẸ́

Ní ìgbà àwọn bàbá wa, bí ènìyàn bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ á kọ ìwé ẹ̀rí ìwà fún un. Á ní ọmọ dáradára ni, ó ní ìtẹríba, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ìwé náà a máa dùn-ún kà bí oríkì. Kò sì burú nígbà náà, nítorí ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́ mọ ọ̀gá náà, tàbí kí ó mọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka ìwé olùkọ́ tí ń lọ sí òkè òkun kò mọ ọ̀gá, kò sì mọ ìlú wa. Ohun tí kò bá lè wádìí kò já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ pé "ògbóǹtarìgì olùkọ́ ni," kí ni yóò fi ṣe? Bí mo bá kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ọjọ́ tí ó fi í sílẹ̀, ó lè kọ̀wé wá béèrè. Ẹ̀rí ni ó ń fẹ́, bí èyí tí à ń jẹ́ níwájú adájọ́. Nítorí náà, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní nǹkan wọ̀nyí:

Èkíní, kí ó wà lórí ìwé tí a tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì ilé ẹ̀kọ́ sí, pẹ̀lú déètì, ìbuwọ́lùwé àti òǹtẹ̀.

Èkejì, kí orúkọ olùkọ́ náà rí bí ó ti wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ó bá ti wọ ilé ọkọ tí orúkọ sì yí padà, kí ó mú ìwé ìgbéyàwó mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ìgbà tí ó fi í sílẹ̀. Kí ó bá lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ mu. Bí méjèèjì bá takora, a ó ka ọ̀kan sí irọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí a dárúkọ iṣẹ́ tí ó kọ́ àwọn ọmọ, kíláàsì wọn, ọjọ́ orí wọn, àti pírọ́ọ̀dù mélòó lọ́sẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí a sọ nǹkan kan tí a fi ojú ara wa rí nínú iṣẹ́ rẹ̀, kí a sì sọ bóyá a lè fi ọmọdé sí ìkáwọ́ rẹ̀ láìfòyà.

Ẹ̀kẹfà, nọ́ńbà tẹlifóònù àti íméèlì tí ó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní irú íméèlì bẹ́ẹ̀, tí ọ̀gá ni wọ́n ń lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá nǹkan ṣe sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí olùkọ́ àjèjì bá ń tọrọ àṣẹ ìkọ́ni tí wọ́n ń pè ní QTS, ọ́fíìsì ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ń fi íméèlì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí olùkọ́ náà dárúkọ. Bí ẹni náà kò bá dáhùn, ọ̀ràn olùkọ́ dúró síbẹ̀.

ILẸ̀KÙN TÍ Ó ṢÍ ÀTI ÈYÍ TÍ Ó TÌ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè lọ kọ́ni níbikíbi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Kọ́ríà ti Gúúsù, orílẹ̀-èdè méje ni ìjọba kà sí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè abínibí fún físà olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní E-2: Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó, Kánádà, Áyálándì, Ọsirélíà, Niu Sílándì àti Gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀.

Ní Ṣáínà, òfin wọn ni pé kí olùkọ́ èdè ti orílẹ̀-èdè tí a ti ń sọ èdè náà ní èdè abínibí wá, kí ó ní oyè yunifásítì, kí ó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Ẹni tí oyè rẹ̀ bá jẹ́ ti ẹ̀kọ́ ìkọ́ni tàbí ti èdè lè rí ìyọ̀ǹda lórí ọdún méjì yẹn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Oyè nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọbìnrin tí mo ń sọ yìí gbà. Iye ọdún tí ó fi ṣiṣẹ́ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ni. Bí mo tilẹ̀ kọ ọ́ pé ó ti fi ogún ọdún kọ́ni, ìwé mi kò lè sọ ọmọ Nàìjíríà di ọmọ Amẹ́ríkà. Irọ́ tí wọ́n ní kí n pa yẹn, kò tilẹ̀ lérè nínú!

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Láti oṣù Kejì ọdún 2023 ni wọ́n ti ṣí ọ̀nà QTS sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń wá láti ọ̀dọ̀ wa ni olùkọ́ ìṣirò, ti sáyẹ́ǹsì àti ti èdè ilẹ̀ òkèèrè, fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16. Olùkọ́ Faransé lè wọlé. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì dúró síta. Wọ́n ń béèrè oyè yunifásítì, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, àti ìwé láti ọ̀dọ̀ TRCN, àjọ tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ àwa olùkọ́ sílẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni èmi náà ti jáde, mo sì mọ iyì NCE. Ṣùgbọ́n n kò ní tan yín jẹ, NCE nìkan kò tó níbẹ̀. Títọrọ QTS kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ wá san owó rẹ̀, olè ni. QTS kì í sì í ṣe físà. Ó di ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní àṣẹ láti gba àjèjì bá gbà ọ́ síṣẹ́ kí o tó lè béèrè físà.

Táílándì kò ti ilẹ̀kùn pátápátá. Olùkọ́ tí ó ní oyè yunifásítì, tí ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ sì ti gbà síṣẹ́, lè béèrè físà tí wọ́n ń pè ní Non-B. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ àti ìyọ̀ǹda àjọ àwọn olùkọ́ wọn. Wọ́n sábà máa ń ní kí àwa tí a kò kà mọ́ oní-Gẹ̀ẹ́sì abínibí ṣe ìdánwò èdè náà.

Ẹ má sì gbàgbé ti ilé. Láti ọdún 1987 ni ìjọba Nàìjíríà ti dá ẹgbẹ́ Technical Aid Corps sílẹ̀, tí ó ń rán àwọn olùkọ́, dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì fún ọdún méjì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

FÍSÀ ÌBẸ̀WÒ KÌ Í ṢE FÍSÀ IṢẸ́

Mo bi ìyá náà pé irú físà wo ni wọn yóò fún ọmọ rẹ̀. Ó ní wọ́n ní kí ó fi físà ìbẹ̀wò wọlé ná, wọn yóò yí i padà tí ó bá débẹ̀. Àyà mi já. Ní Ṣáínà, àjèjì tí ó bá ń ṣiṣẹ́ láìní àṣẹ yóò san owó ìtanràn, láti yuan 5,000 dé 20,000. Bí ọ̀ràn náà bá wúwo, wọn yóò tì í mọ́lé fún ọjọ́ 5 sí 15 pẹ̀lú owó ìtanràn náà. Wọ́n tún lè lé e padà sílé.

Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti òtítọ́, ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba rẹ̀, kí olùkọ́ tó fi àṣẹ náà béèrè físà ní ilé aṣojú wọn. Wọn yóò béèrè ìwé oyè, ìwé ọlọ́pàá pé ẹni náà kò dáràn rí, àti àyẹ̀wò ara. Ọ̀pọ̀ wọn tún ń fẹ́ kí iléeṣẹ́ ìjọba wa tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fi òǹtẹ̀ lu ìwé náà. Ó ń gba oṣù púpọ̀. Ẹni tí ó bá ní ọ̀sẹ̀ méjì ni, ẹ sá fún un.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa ní ọjà, ẹ kì í ra ẹrù láìtú u wò. Kí ẹ tó san owó ìrìn-àjò ọmọ, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, kí a fúnra wa kọ̀wé sí i? Irú físà wo ni yóò fi wọlé, ṣé físà iṣẹ́ ni? Rìsíìtì owó dà?

Ẹ̀YIN Ọ̀GÁ ILÉ Ẹ̀KỌ́

Àwa náà ní ẹ̀bi. Nígbà tí mo fi ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan sílẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹni tí ó ni ín bínú. Ìgbà mẹ́fà ni mo lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ nítorí ìwé ẹ̀rí. Lónìí akọ̀wé kò sí, lọ́la iná kò sí. Nígbà tí ó fún mi, ìlà méjì ni, kò sí déètì kankan nínú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ń retí mi sì ti gba ẹlòmíràn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ má ṣe fi ìwé ẹ̀rí gbẹ̀san, ẹ má sì tà á. Ẹ tọ́jú fáìlì àwọn olùkọ́ yín, kí ẹni tí yóò jókòó sórí àga yín lọ́la lè rí ohun tí yóò jẹ́rìí sí.

Mo kọ ìwé fún ọmọbìnrin náà. Mo kọ ọ́ pé ó bá wa ṣiṣẹ́ fún táámù mẹ́rin, ó sì fi méjì kọ́ JSS 1 ní Gẹ̀ẹ́sì, pírọ́ọ̀dù márùn-ún lọ́sẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ọmọ méje tí kò lè ka gbólóhùn kan já nígbà tí ó gbà wọ́n ń dìde ka ìwé sí etí gbogbo kíláàsì nígbà tí ó fi wọ́n sílẹ̀. Ó ń kọ̀wé sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Táílándì báyìí. Kò tíì rí ìdáhùn. Ìyá rẹ̀ bi ẹni tí ó gba owó ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn, kò rí ìdáhùn kan. Díẹ̀ ni ó tíì rí gbà padà nínú owó rẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà tí ó kọjá, ìyàwó mi lọ ra èlùbọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n tán, ó sì fi ènì sí i. Ó ní kí ó bá òun kí tíṣà.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ jẹ́ kí ó bá a nílé, kí ó má bàa jẹ́ ní ẹnu ibodè ilẹ̀ onílẹ̀.