Kíkọ́ Ohùn Báàsì Nínú Ìwé

Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe ni à ń lu agídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Nínú orin àpàlà, agídìgbo ni ó ń dún lábẹ́ ohùn akọrin, tí ó sì ń gbé orin ró gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ ti ń gbé ilé ró. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin òde òní, gìtá báàsì ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á sí, ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́ lójijì, kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ pé nǹkan ti dín nínú orin.

Ọmọ ilé-ìwé kan wà ní Òkè-Fìà ní ìlú Òṣogbo, tí ó fẹ́ràn gìtá yìí púpọ̀, pàápàá bí àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń ta á nínú orin tí wọ́n ń pè ní soul. Ó ra àlòkù kan, ó sì ń fi ìwé tí a kọ nọ́ńbà sí kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti lè ta orin mẹ́fà láìṣì í. Ni ìjọ kan bá pè é pé kí ó wá ta gìtá fún àwọn ní ọjọ́ ìkórè. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, obìnrin tí ó ń dá orin rí i pé ó ga jù fún òun, ó sì fà á sísàlẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó ń tẹ dùùrù tẹ̀ lé e, onílù kò sì ní ìṣòro kankan, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí mọ́. Nọ́ńbà tí ó ti há sórí kò bá orin mu. Ojú tì í, ó sì rọra gbé gìtá sílẹ̀ níṣojú gbogbo ìjọ. Ní ọjọ́ kejì ó tọ̀ mí wá, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé òfò ni oṣù mẹ́ta tí mo fi kọ́ ọ?" Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

Ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń gbà kọ ohùn báàsì sínú ìwé. Èkínní ni èyí tí à ń pè ní tablature. Kì í ṣe ohun titun, nítorí láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ará Yúróòpù ti ń fi irú rẹ̀ kọ orin fún ohun èlò olókùn wọn. Gìtá báàsì ní okùn mẹ́rin. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó nípọn jù, orúkọ wọn ni E, A, D àti G. A tò irin wẹ́wẹ́ ní ìbú sí ọrùn gìtá náà, àyè sì wà láàrin irin kan àti èkejì. Nínú tablature, a fa ìlà mẹ́rin, ìlà kan fún okùn kan, a sì ń kọ nọ́ńbà sórí wọn. Bí a bá kọ 3 sórí ìlà okùn A, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a fi ìka tẹ okùn A ní àyè kẹta. Bí a bá kọ 0, kí a ta okùn náà láìfi ìka tẹ̀ ẹ́ ni. Ẹni tí ó bá mọ nọ́ńbà lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, èyí sì ni ìwúlò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù méjì. Èkínní, ibi tí a ó fi ìka sí ni ó ń sọ. Kì í sọ orúkọ ohùn tí yóò dún. Ohùn D kan wà tí a lè rí lórí okùn D láìtẹ̀ ẹ́, ní àyè karùn-ún lórí okùn A, àti ní àyè kẹwàá lórí okùn E. Nínú ìwé, 0, 5 àti 10 ni ìwọ̀nyí, kò sì sí ohun tí yóò sọ fún ọmọdé pé ohùn kan náà ni wọ́n. Èkejì, púpọ̀ nínú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ bí ohùn kan yóò ti pẹ́ tó, tàbí ibi tí a ó ti dákẹ́.

Ọ̀nà kejì ni ìlà márùn-ún, tí àmì tí à ń pè ní bass clef wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àmì yìí tẹ̀ bí etí ènìyàn, ó sì ní àmì kékeré róbótó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà tí ó kọjá láàrin róbótó méjèèjì, tí í ṣe ìlà kẹrin láti ìsàlẹ̀, ni ìlà F. Ẹni tí ó bá ti mọ èyí lè ka ìyókù. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, àwọn ìlà náà ni G, B, D, F, A; àwọn àyè tí ó wà láàrin wọn ni A, C, E, G. Ohùn D tí ó ní ibùgbé mẹ́ta lórí ọrùn gìtá, ibùgbé kan ṣoṣo ni ó ní níhìn-ín, lórí ìlà àárín. Ìrísí àmì kọ̀ọ̀kan sì ń sọ bí yóò ti pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdákẹ́ náà ní àmì tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Yorùbá, ẹ ó tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnìkan bá kọ "ọkọ" láìfi àmì ohùn sí i, ṣé ọkọ tí ó gbé ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ tí à ń fi ro oko, tàbí ọkọ̀ tí ń gbé èrò, tàbí ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù? Ẹni tí ó gbọ́ èdè lè mọ èyí tí a ní lọ́kàn. Àjèjì kò lè mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni tablature. Ó wúlò fún ẹni tí orin ti wà ní etí rẹ̀. Ìlà márùn-ún dà bí Yorùbá tí a fi àmì sí dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a wo James Jamerson, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá báàsì orin soul, tí a bí ní 1936. Ilé-ìwé girama ní Detroit ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ta báàsì onígi ńlá. Lẹ́yìn náà ni ó ń ta gìtá báàsì fún ilé-iṣẹ́ Motown, tí a dá sílẹ̀ ní 1959, ìka ìlábẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sì fi ń ta á. Ó kú ní 1983. Ní 1989 ni a tẹ ìwé kan jáde, tí a fi ìlà márùn-ún kọ àwọn ohùn báàsì rẹ̀, tí ẹni tí kò rí i rí fi lè kọ́ wọn. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Ní 1970, James Brown mú ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Nàìjíríà. Bootsy Collins, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ni ó ń ta báàsì fún un.

Mo sọ fún ọmọ náà pé oṣù mẹ́ta rẹ̀ kì í ṣe òfò. Ìlà márùn-ún pàápàá kì bá tí gbà á, bí ó bá há a sórí bí ó ti há nọ́ńbà sórí. Ohun tí ó ṣaláìní ni ìmọ̀ bí ohùn kan ti bá èkejì tan. Nítorí náà, kí ó kọ́kọ́ fi ẹnu kọ ohùn báàsì ní do, re, mi, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ akọrin wa ti ń ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ó fi nọ́ńbà wá ibi tí ó wà lórí gìtá, kí ó pe orúkọ ohùn kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí ìlà márùn-ún. Ní ìkẹyìn, kí ó ta orin náà láti ibòmíràn. Ẹni tí ó mọ̀ pé do, so, do ni òun ń ta, bí akọrin bá fà á sísàlẹ̀ ní àyè méjì, yóò kàn fa ọwọ́ sẹ́yìn ní àyè méjì ni.

Ó gba ìmọ̀ràn yìí. Ní ìkórè ọdún tí ó tẹ̀ lé e, akọrin náà tún fà orin sísàlẹ̀. Ọmọ náà fa ọwọ́ sẹ́yìn, orin sì ń lọ. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, àfi èmi tí mo jókòó lẹ́yìn. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ohunkóhun tí ẹ bá ń kọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó mọ sí híhá sórí. Ẹ wádìí ìdí rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí nǹkan bá yí padà ni à ń mọ ẹni tí ó ní òye.