Bí A Ṣe Ń Wá Eré Tẹlifíṣọ̀n Japan àti Bí A Ṣe Ń Júwe Rẹ̀ fún Ẹlòmíràn

Àwọn tó ń wo eré Kòríà láàárín wa kò lóǹkà. Wọ́n mọ orúkọ àwọn òṣèré, wọ́n sì mọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá kan Japan, kátúùnù ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀, eré tí èèyàn gidi ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n Japan pọ̀ lọ súà, ọdọọdún sì ni tuntun ń jáde. Ohun tó jẹ́ kó ṣòroó rí fún wa ni pé àwọn ará ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é fún. Èrò pọ̀ ní Japan, owó ìpolówó ọjà sì ń wọlé dáadáa níbẹ̀, nítorí náà ó pẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá òǹwòran sókè òkun bíi ti Kòríà. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojúlówó gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Nǹkan mẹ́ta ló ṣe kókó: ìgbà tí eré ń jáde, ìkànnì àti wákàtí tí wọ́n fi í sí, àti àwọn tó ṣe é. Ẹni tó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní máa fọwọ́ tálẹ̀ nínú òkùnkùn mọ́.

Sáà mẹ́rin nínú ọdún

Sáà mẹ́rin ni wọ́n pín ọdún tẹlifíṣọ̀n Japan sí. Oṣù kìíní, oṣù kẹrin, oṣù keje àti oṣù kẹwàá ni eré tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbé e jáde. Apá mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ni púpọ̀ nínú wọn ní, apá kọ̀ọ̀kan á sì tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 tí a bá yọ ìpolówó kúrò. Apá àkọ́kọ́ sábà máa ń gùn ju àwọn yòókù lọ, torí òun ni wọ́n fi ń mú òǹwòran. Tí oṣù mẹ́ta bá ti pé, eré parí, òmíràn á gba ipò rẹ̀.

Àǹfààní ńlá lèyí jẹ́ fún wa. Òǹkọ̀wé mọ iye apá tó wà lọ́wọ́ òun, kò ní àyè láti máa fa ìtàn gùn láìnídìí. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé lè wo apá kan lálẹ́, kó sì parí gbogbo rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ọ̀pọ̀ eré kì í ní sáà kejì rárá. Èyí tó bá sì ní, ó lè pẹ́ kó tó padà: Hanzawa Naoki tó gba ìgboro kan ní 2013, ọdún 2020 ni ìtẹ̀síwájú rẹ̀ tó jáde.

Ìkànnì àti wákàtí

NHK ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbogbogbòò. Owó tí àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n nílé ń san ló fi ń ṣiṣẹ́, kì í gba ìpolówó. Márùn-ún ni iléeṣẹ́ aládàáni ńlá tó fi Tokyo ṣe ibùdó: Nippon TV, TV Asahi, TBS, TV Tokyo àti Fuji TV. Àwọn wákàtí kan wà lórí ìkànnì wọ̀nyí tí gbogbo èèyàn ti mọ irú eré tó ń wá níbẹ̀, bọ́dún ṣe ń gorí ọdún. Ẹni tó bá mọ wákàtí eré ti mọ ìdajì eré náà kó tó wò ó.

Ẹ jẹ́ ká mú ti NHK, tí méjì nínú eré rẹ̀ kì í tẹ̀ lé sáà oṣù mẹ́ta. Láti 1961 ló ti ń gbé eré òwúrọ̀ jáde. Lóde òní, ìṣẹ́jú 15 péré ni apá kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Oṣù mẹ́fà ni ìtàn kan ń gbà, ìgbésí ayé obìnrin kan ló sì sábà máa ń dá lé, láti kékeré títí dàgbà. Èyí tó gbayì jù nínú wọn ni Oshin, tí Sugako Hashida kọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ó gba odidi ọdún kan, apá rẹ̀ sì jẹ́ 297. Ọmọdé ni Oshin nígbà tí bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ tálákà ní Yamagata, ní kó lọ ṣọmọ ọ̀dọ̀ nítorí àpò ìrẹsì kan. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa ìwọ̀fà nílẹ̀ Yorùbá yóò tètè mọ ohun tó ń dun ọmọ náà. Apá kan wà nínú eré yìí tí ìdá 62.9 nínú ọgọ́rùn-ún ilé wò, kò sì sí eré tẹlifíṣọ̀n Japan mìíràn tó tíì kọjá iye yẹn. Ó dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 60.

Ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Àìkú, NHK kan náà ń gbé eré ìtàn àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní taiga jáde. Ọdún 1963 ló bẹ̀rẹ̀. Odidi ọdún ni ìtàn ẹnì kan ń gbà níbẹ̀, yálà jagunjagun ni o, tàbí ìjòyè, tàbí obìnrin ààfin. Ẹni tó fẹ́ràn ogun, ọ̀tẹ̀ àti ọ̀rọ̀ oyè, ibẹ̀ ni kó lọ.

TBS ló ni agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Eré iṣẹ́ àti ìjàkadì ló pọ̀ níbẹ̀: òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá fẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀, iléeṣẹ́ kékeré tí ńlá fẹ́ gbé mì. Ibẹ̀ ni Hanzawa Naoki ti wáyé. Wọ́n ti Hanzawa, òṣìṣẹ́ bánkì ní Osaka, láti yá iléeṣẹ́ irin kan ní mílíọ̀nù 500 yen. Iléeṣẹ́ náà wó, ọ̀gá tó ní kó fọwọ́ sí i sì fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi rù ú. Bó ṣe ń wá owó yẹn kiri, tó ń tú àṣírí àwọn tó jẹ ẹ́, kò ní jẹ́ kí ẹ dìde níbi tí ẹ jókòó sí. Jun Ikeido ló kọ àwọn ìwé tí wọ́n fi ṣe eré náà, òun fúnra rẹ̀ sì ti ṣiṣẹ́ bánkì rí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìwé àkọsílẹ̀ owó inú rẹ̀ fi rí bí ohun tójú rí. Ìdá 42.2 nínú ọgọ́rùn-ún ilé ní agbègbè Tokyo ló wo apá ìkẹyìn ní 2013.

Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ajé lórí Fuji TV ni ti ìfẹ́, pàápàá láwọn ọdún 1990. Tokyo Love Story jáde ní 1991, Long Vacation tí Takuya Kimura ṣe sì tẹ̀ lé e ní 1996. Bí Long Vacation ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ṣeé gbàgbé: obìnrin kan ń fi aṣọ ìyàwó sáré lójú títì lọ sílé ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ó débẹ̀, ó bá a pé ọkùnrin náà ti sá lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin atẹdùùrù tó ń bá ọkùnrin náà gbé ló ṣílẹ̀kùn fún un. Lóde òní, eré dókítà àti ti ọ̀daràn náà ti ń wá ní wákàtí yìí.

TV Asahi ní tirẹ̀ gbájú mọ́ ọlọ́pàá àti oníṣẹ́ abẹ. Aibou, eré ọlọ́pàá méjì tó ń wádìí ọ̀ràn, ti wà láti 2000. Doctor X bẹ̀rẹ̀ ní 2012, Ryoko Yonekura ló sì ṣe obìnrin oníṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kankan.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ni eré ọ̀gànjọ́ òru. Ìṣẹ́jú bíi 25 ni, owó tí wọ́n ń ná lé e kò pọ̀, nítorí náà wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe é dán ohun tuntun wò. Shinya Shokudo, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ilé oúnjẹ kékeré kan wà ní Shinjuku, ní Tokyo, tó ń ṣí láago méjìlá òru títí di aago méje àárọ̀. Oúnjẹ kan ṣoṣo àti ọtí ló wà lára pátákó, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí oníbàárà bá béèrè, alásè tí gbogbo wọn ń pè ní ọ̀gá á sè é, bí èròjà rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀. Nínú apá kìíní, Ryu, ọmọ ẹgbẹ́ jàǹdùkú tó ń wọ awò dúdú, ń jẹ sọ́séèjì pupa tí wọ́n la ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó dín in, tó fi ya ẹsẹ̀ bíi ti ẹranko inú òkun. Kosuzu, àgbàlagbà ọkùnrin tó ni ilé ọtí kan, jókòó nítòsí pẹ̀lú ẹyin dídín aládùn tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ti ara wọn wò nìyẹn. Ohun tó so àwọn méjèèjì pọ̀ kò ju oúnjẹ lọ, síbẹ̀ kí ìṣẹ́jú 25 tó pé, ẹ ó ti mọ ayé wọn.

Àwọn tó ṣe é

Bí eré kan bá ti dùn mọ́ yín, ẹ wo orúkọ àwọn tó ṣe é, kí ẹ sì tẹ̀ lé wọn. Yutaka Matsushige ló ṣe Ryu yẹn. Ní 2012, òun náà ló di olórí òṣèré nínú Kodoku no Gourmet lórí TV Tokyo: oníṣòwò kan tí ebi máa ń pa lẹ́yìn iṣẹ́, tó ń wọ ilé oúnjẹ, tó sì ń dá jẹun. Àwọn ilé oúnjẹ inú rẹ̀ wà lóòótọ́, èèyàn lè lọ jẹun níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ló ṣeé tẹ̀ lé jù. Yuji Sakamoto tó kọ Tokyo Love Story ló kọ Mother ní 2010, níbi tí olùkọ́ kan ti gbé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fìyà jẹ nílé sá lọ, tó sì sọ ara rẹ̀ di ìyá rẹ̀. Tọ́kì tún eré yẹn ṣe ní 2016, Kòríà tún un ṣe ní 2018. Akiko Nogi náà wà. Òun ló kọ Nigeru wa Haji da ga Yaku ni Tatsu ní 2016: ọ̀dọ́bìnrin tó kàwé tí kò ríṣẹ́ di olùtọ́jú ilé fún ọkùnrin kan, wọ́n sì fẹ́ ara wọn lórí àdéhùn owó oṣù. Òun kan náà ló kọ Unnatural ní 2018, nípa àwọn dókítà tó ń wádìí ohun tó pa òkú, àti MIU404 ti àwọn ọlọ́pàá ní 2020. Fíìmù Last Mile tó jáde ní 2024 kó àwọn èèyàn inú eré méjèèjì yìí pọ̀. Ẹni tó bá kàn ń wá orúkọ òṣèré kò ní mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ló wà lẹ́yìn wọn.

Ẹ tún wo ibi tí ìtàn ti wá. Púpọ̀ nínú eré Japan ló ti inú ìwé ìtàn tàbí ìwé ìtàn aláwòrán tí wọ́n ń pè ní manga wá. Ẹni tó ti wo Boys Over Flowers ti Kòríà ní 2009 ti wo ìtàn Japan láìmọ̀. Manga Hana Yori Dango tí Yoko Kamio kọ ni. Taiwan ti fi ṣe Meteor Garden ní 2001, Japan sì ti ṣe tirẹ̀ ní 2005.

Ibi tí a ti lè wò ó

Netflix ní Midnight Diner: Tokyo Stories, tó jẹ́ ìtẹ̀síwájú Shinya Shokudo láti 2016. Ó tún ní Alice in Borderland tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, àti First Love ti 2022. Àwọn wọ̀nyí kì í tẹ̀ lé ètò sáà mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo apá sáà kan ń jáde. Lórí Viki, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń túmọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ àwòrán. TVer tí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni dá sílẹ̀ ní 2015 jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ Japan nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ bá ń wá eré, ẹ fi orúkọ rẹ̀ lédè Japan àti lédè Gẹ̀ẹ́sì wá a, torí orúkọ eré kan lè ju méjì lọ. Ẹ sì yẹra fún ibi tí wọ́n ti ń jí eré gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì: àwọn tó ṣiṣẹ́ náà kì í rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, fóònù yín sì lè kó àrùn.

Ẹ má fi iye èèyàn tó wo eré nìkan ṣe òṣùwọ̀n. Iye tí wọ́n ń gbé jáde jẹ́ ti àwọn tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ibẹ̀ ló ń wò ó lórí fóònù nígbà tó bá wù wọ́n.

Bí a ṣe ń júwe rẹ̀

Orúkọ eré mẹ́wàá tí a kà fún èèyàn lẹ́ẹ̀kan kì í ràn án lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ìtàn wo ló fẹ́ràn? Ìṣẹ́jú mélòó ló ní lálẹ́? Kí ni kò fẹ́ rí? Ìbéèrè kẹta yìí ni a máa ń gbàgbé jù. Mother dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyà tí wọ́n fi jẹ ọmọdé nínú rẹ̀ le. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfò èèyàn, kò yẹ kí a fi Unnatural bẹ̀rẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi mú un. Hanzawa Naoki ni kí ẹ fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí ọ̀gá ń fayé ni lára. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ìfaradà obìnrin, Oshin ni. Ẹni tó rẹ̀ tó kàn fẹ́ fara balẹ̀ kó tó sùn, Shinya Shokudo ni. Ẹ sọ ohun tó lè ṣàjèjì sí i ṣáájú: àwọn òṣèré kan lè máa pariwo ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá nínú eré tó ti inú manga wá, àwọn ìtàn ìfẹ́ mìíràn sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí olólùfẹ́ méjì tó di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ẹ sọ ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má sọ ibi tó parí sí. Kí ẹ sì ní kó wo apá mẹ́ta kó tó dájọ́.

Àkókò díẹ̀ ni gbogbo èyí ń gbà, ó sì sàn ju kí a máa to orúkọ jọ lọ. Ẹni tí ẹ bá júwe eré tó bá a mu fún lẹ́ẹ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò padà wá béèrè èkejì.