Mítà 30 tí kò sí nínú àgbàlá wa

Lẹ́yìn òjò ńlá kan lọ́dún tó kọjá, omi wọ ilé tí mo ń gbé ní Ìbàfò. Kì í ṣe omi tó ń gbé ilé lọ o. Ó dé kókósẹ̀, ó sùn mọ́jú, ó sì fà. A gbá ẹrọ̀fọ̀ jáde, a sá mátírẹ́ẹ̀sì sóòrùn, a ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Lọ́jọ́ kẹta ni ọmọ aládùúgbò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru, tó tún ń bì.

Kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ojú ọmọ náà ti jìn wọnú. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, omi wo lẹ̀ ń mu nílé?"

"Omi kànga ni, Nọ́ọ̀sì. Ó mọ́ gaara o."

"Ṣé ẹ máa ń sè é?"

Ìyá ọmọ ò dáhùn. Èmi náà wolẹ̀, torí kànga kan náà la jọ ń fà. Omi tí mo fi po gàrí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, inú ẹ̀ ló ti wá.

Ọmọ náà yè. Àmọ́ ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí ńṣe ló dà bíi pé ìyá ọmọ ló jẹ̀bi. Mo lọ kàwé, mo sì fi téèpù wọn àgbàlá wa. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Bí omi tó mọ́ lójú ṣe ń di àrùn

Ihò wẹ́wẹ́ wà nínú ilẹ̀, omi sì ń gba inú wọn rìn. Kòtò tí ìgbọ̀nsẹ̀ ń wọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní sóòkàwéè, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí omi inú ẹ̀ lè máa jò wọ ilẹ̀ ni. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, tí ọ̀nà sì jìn, iyanrìn á sẹ́ púpọ̀ lára kòkòrò àrùn, ọ̀pọ̀ wọn á sì kú sójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ìlànà Sphere, tí àwọn elétò ìrànwọ́ ń lò káàkiri ayé, fi sọ pé ó kéré tán, kí mítà 30 wà láàárín ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti kànga.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Púlọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa sábà máa ń jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120, ìyẹn bíi mítà 18 sí 36. Hááfù púlọ́ọ̀tì, èyí tí agbára ọ̀pọ̀ èèyàn ká, jẹ́ mítà 18 sí 18. Ká tiẹ̀ sọ pé ẹ gbẹ́ kànga sí igun kan, ẹ wá gbẹ́ sóòkàwéè sí igun tó jìnnà sí i jù lọ, àárín wọn ò ní pé mítà 26. Ẹ ò sì tíì ka sóòkàwéè aládùúgbò yín tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Nígbà tí mo wọn tiwa, mítà 11 péré ni.

Tí omi bá wá kún, ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ á gòkè títí á fi kan ìsàlẹ̀ sóòkàwéè, iyanrìn gbígbẹ tó ń sẹ́ kòkòrò ò ní sí mọ́. Omi orí ilẹ̀ náà á gbá ìdọ̀tí sínú kànga tí ẹnu ẹ̀ ò ga. Ojú wa ò lè rí kòkòrò kọ́lẹ́rà, tí àwọn àgbà ń pè ní onígbáméjì. Omi á ṣì máa dán gbinrin.

Òjò ń pọ̀, ìkìlọ̀ náà ń wá

Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n 1°C gbóná sí i, omi tó ti di oru tó lè gbé dúró á fi nǹkan bíi 7% pọ̀ sí i. Tó bá wá fẹ́ rọ̀, ó lè rọ̀ wìì lẹ́ẹ̀kan náà. Tiwa tún ní àfikún: odò Ògùn ń ṣàn bọ̀ wá sí ọ̀sà Èkó, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó ń gbà kọjá ni Ìṣẹrí àti Warewa wà, kò jìnnà sí wa. Lókè odò, ìsédò Ọ̀yán tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983 lè gba 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà omi. Tó bá ti ń kún jù, wọ́n gbọ́dọ̀ tú díẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́dọọdún ni NiMet àti NIHSA máa ń kéde bí òjò àti omi ṣe máa rí. Ìkéde yẹn dáa gan-an. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹni tó wà létí omi kó kúrò, ibo ni ayálégbé tó ti san owó ọdún kan sílẹ̀ fẹ́ kó lọ?

Ẹ tún wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò. Ẹni tó lówó á já típà iyanrìn mélòó kan, á gbé ilẹ̀ ẹ̀ ga, á mọ fẹ́ǹsì. Omi ò pòórá o, ọ̀dọ̀ ẹni tí ò lówó ló yà sí. Bí ayé ṣe rí náà nìyẹn. Ìròyìn tí àjọ IPCC gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2022 sọ pé láàárín 2010 sí 2020, ikú tí omíyalé, ọ̀dá àti ìjì fà ní àwọn agbègbè tí ara wọn ò gbà á fi ìlọ́po 15 ju ti àwọn agbègbè tó ti múra sílẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba díẹ̀ ni Áfíríkà ń dá nínú èéfín tó ń gbóná ayé.

Ìjọba lè ṣe nǹkan sí i, a ti rí i rí. Omi Ògùnpa pa èèyàn ní Ìbàdàn lọ́dún 1980. Ní 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọ ìlú, ó pa èèyàn tó ju 100 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ́dún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti fi tún afárá àti ojú àgbàrá ṣe. Ohun tó ń dùn mí ni pé òkú ló kọ́kọ́ sùn kí owó tó dé. Láti 2021 ni Nàìjíríà ti ní òfin lórí ìyípadà ojú ọjọ́. Ìbéèrè tèmi ni pé, ṣé òfin náà máa dé ìdí kànga wa?

Ta ló máa sanwó?

Mo mú ìwọ̀n mi lọ sí ìpàdé àdúgbò. Mo ní ká jọ bẹ ìjọba fún omi ẹ̀rọ tàbí bohóòlù jíjìn kan tí gbogbo wa á jọ máa lò, kí wọ́n máa wá da kiloríìnì sí kànga lẹ́yìn gbogbo omíyalé, kí ẹnikẹ́ni má sì rọ́ iyanrìn láìṣe ojú àgbàrá. Bàbá alága rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ìpàdé onílé nìyí. Ayálégbé ni ẹ́. Ta ló sì máa sanwó ẹ̀?"

"Ẹ má bínú sà," mo ní, "ọmọ tó dùbúlẹ̀ àìsàn yẹn, ìyá ẹ̀ ló sanwó ẹ̀."

Bàbá dákẹ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè gbé e lọ sí káńsù. Mo ti kọ ọ́. A ṣì ń retí.

Ní báyìí ná, ẹ jẹ́ kí omi kànga hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó mu ún. Tí ẹnì kan bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà omi mímọ́ kan. Ẹ gé ojú ṣíbí náà pẹrẹsẹ. Ṣúgà ló ń bá iyọ̀ ṣílẹ̀kùn nínú ìfun, omi á sì tẹ̀ lé wọn wọ ara. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Àmọ́ gáàsì tí a fi ń se omi, owó ni. Owó yẹn ń ti àpò ẹni tí kò ní jáde. Ẹ mú téèpù, kí ẹ wọn àgbàlá tiyín. Tí kò bá pé mítà 30, ẹ má di ẹ̀bi ru ìyá ọmọ.