Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Tom Craddick, àgbà aṣòfin Texas

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969 ni Tom Craddick, ọmọ ẹgbẹ́ Republican láti ìlú Midland, ti wà nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Texas. Ọmọ ọdún 25 ni nígbà tó wọlé ìbò. Owó oṣù ibẹ̀ kò ju $600 lọ.

Ní 2003, ó di abẹnugan, Republican àkọ́kọ́ tó dé ipò náà láti ohun tó lé ní 100 ọdún. Àtúnpín ẹkùn ìdìbò dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Aṣòfin 100 nínú 150 gbọ́dọ̀ pé kí ìjókòó tó wáyé, làwọn Democrat tó lé ní 50 bá sá lọ sí Ardmore, ní Oklahoma, kí iye náà má bàa pé. Ní 2009, Joe Straus gba ipò abẹnugan.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó wú mi lórí jù ni òfin tó ní kí awakọ̀ má tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ lórí ìrìn. Ilé fọwọ́ sí i ní 2011, àmọ́ Gómìnà Rick Perry, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an, kọ̀ ọ́, ó ní kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba láti máa ṣọ́ ìwà àgbàlagbà. Craddick ò jáwọ́ o! Ó ń gbé e padà wá ṣáá, títí Gómìnà Greg Abbott fi buwọ́ lù ú ní 2017.