Ìtàn Inú Ìwé Ìròyìn

Ní ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ lẹ́tà obìnrin kan, Sẹ̀gilọlá, tí ń ròyìn ayé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ka èyí tó jáde tán, ọkàn rẹ̀ á máa fà sí èyí tí ń bọ̀. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé sí i. A rí ẹni tó fi owó ránṣẹ́. Àṣé I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ló ń kọ gbogbo rẹ̀! Ní 1930, ó di odindi ìwé.

Ẹ̀yin ará wa ní agbègbè Èjìgbò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, ìtàn dídùn kì í jẹ́ kí ìwé sú ni. Ẹ máa kà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tọwọ́ bàpò, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé: ta ló kọ ọ́? Ìtàn ni àbí ìròyìn?