Ọfà Olóró àti Apó Rẹ̀
Irin, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, awọ àti oró. Òkè-Ògùn, agbègbè Ṣakí àti Ìsẹ́yìn.

Ẹni tó bá wo ọfà yìí lè sọ pé alágbẹ̀dẹ ló ni gbogbo iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni pé irin ló ń lu awọ ẹran, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ kékeré kì í sábà dá àgbọ̀nrín dúró. Oró ló ń dá a dúró, inú hóró ìṣágẹrẹ (Strophanthus hispidus) ló sì ti ń wá. Ọdẹ gbọ́dọ̀ dá igi yìí mọ̀ láàárín àwọn igi kéékèèké inú ọ̀dàn: ewé rẹ̀ nírun, òdòdó rẹ̀ ní ìrù gígùn tó rọ̀ sílẹ̀, èso rẹ̀ ń so ní méjì-méjì, hóró rẹ̀ sì ní ohun bí òwú lórí. Ojú kan náà ló fi ń mọ àbo àti ẹ̀gbẹ̀sì tí èso wọn ṣeé jẹ. Kò gbọdọ̀ ṣì wọ́n mú.

Àwọn kan á ní ẹran tí oró pa kò ṣeé jẹ. Ṣùgbọ́n oró yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ gba inú ikùn wọ ẹ̀jẹ̀. Ojú ọgbẹ́ ló ti ń ṣọṣẹ́. Àwọn mìíràn á ní ìbọn ti sọ ìmọ̀ yìí di àpatì. Ṣùgbọ́n ní 1890, Thomas Fraser, onímọ̀ oògùn ní Edinburgh, tẹ ìwádìí jáde lórí igi yìí kan náà, àwọn dókítà Yúróòpù sì fi irú oró bẹ́ẹ̀ tọ́jú àìsàn ọkàn. Ìmọ̀ tó wúlò tó báyìí kò yẹ kó bá àwọn àgbà ọdẹ lọ: ó yẹ ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká sì dáàbò bo ọ̀dàn tí igi náà ń hù sí.